Agbárí lọ́rùn aṣọ: ṣé ọmọ ẹgbẹ́ SS ni bàbá àgbà ọkọ mi?

Ìbéèrè tó wá sọ́dọ̀ mi nìyí. Mo gé e kúrú díẹ̀, mo sì yọ orúkọ ènìyàn àti ti ìlú kúrò nínú rẹ̀: "Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni mí, Jámánì ni mò ń gbé, ọmọ ilẹ̀ náà sì ni ọkọ mi. Nígbà tí ìyá ọkọ mi kú, tí a ń palẹ̀ ẹrù wọn mọ́, a rí páálí kan tí fọ́tò ogun kún inú rẹ̀, ti bàbá tó bí wọn. Nínú ọ̀kan, bàbá náà wọ aṣọ dúdú, agbárí òkú sì wà lọ́rùn aṣọ náà lọ́tùn-ún àti lósì. Aládùúgbò wa kan rí i, ó ní SS nìyẹn, àwọn tó ṣọ́ àgọ́ ìpànìyàn. Láti ọjọ́ náà ni ọkọ mi kò ti rí oorun sùn. Ìkọ̀wé wà lẹ́yìn fọ́tò náà, ọkọ mi tó jẹ́ ọmọ onílẹ̀ kò lè kà á tán. Ohun tí a rí kà kò ju '5./Pz.Rgt. 15' àti 'O.U., 3.5.42' lọ. A ti wá ìlú tó ń jẹ́ O.U. lórí àwòrán ilẹ̀ títí, a kò rí i. Fọ́tò kejì jẹ́ ti sọ́jà mẹ́fà tí wọn kò wọ dúdú, ọ̀kan nínú wọn jọ bàbá náà, ṣùgbọ́n kò dá wa lójú, a kò sì mọ ọdún tí wọ́n yà á. Ẹ̀kẹta ló dùn mí jù: àwọn ọkùnrin aláwọ̀ dúdú bíi tiwa jókòó sílẹ̀ ní pápá, àwọn sọ́jà Jámánì dúró tì wọ́n, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Wọ́n kọ 'Schwarze Franzosen, Juni 1940' sí abẹ́ rẹ̀, ìyẹn àwọn Faransé dúdú. Àwọn ọmọ mi ti ń béèrè irú ẹni tí bàbá àgbà wọn jẹ́. Kí ni kí n sọ fún wọn?"

Ẹ kú ara fẹ́ra kù, ẹ̀yin àti ọkọ yín. Mo wo ẹ̀dà fọ́tò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí ẹ fi ránṣẹ́ ní àwòfín. Ìbéèrè mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló lọ́ mọ́ra wọn nínú lẹ́tà yín: ẹgbẹ́ ọmọ ogun wo ni bàbá náà wà, kí ni ìkọ̀wé ara fọ́tò ń sọ, àti kí ni bàbá náà ṣe nígbà ogun. Aṣọ àti àmì ara rẹ̀ lè dáhùn ti àkọ́kọ́ dáadáa. Ìkọ̀wé lè dáhùn apá tó pọ̀ nínú èkejì. Ẹ̀kẹta kọjá agbára fọ́tò, ẹnikẹ́ni tó bá sì ní òun lè tipa fọ́tò kan ṣoṣo dáhùn rẹ̀ fún yín, ìbáà ṣe láti dá bàbá náà láre tàbí láti dá a lẹ́bi, ẹ má gbà á gbọ́. Ṣùgbọ́n kí ọkàn ọkọ yín lè fúyẹ́ díẹ̀ kí ẹ tó ka ìyókù, ẹ jẹ́ kí n tètè sọ èyí: aṣọ inú fọ́tò àkọ́kọ́ kì í ṣe aṣọ SS, ẹgbẹ́ ológun ti ẹgbẹ́ òṣèlú Nazi, ẹgbẹ́ Hitler. Aṣọ àwọn ọmọ ogun orí ilẹ̀ tí ń wa ọkọ̀ ogun onírin, èyí tí a ń pè ní táǹkì, ni.

Àṣìṣe tí aládùúgbò yín ṣe wọ́pọ̀ gan-an. Òun ni mo máa ń bá pàdé jù nínú irú ìbéèrè yìí. Ohun tó fà á ni pé ẹgbẹ́ méjì tí kò jọ ara wọn lo àwọ̀ kan náà àti àmì kan náà. Ní ọdún 1934 ni ìjọba Jámánì fún àwọn awa-táǹkì ní aṣọ dúdú, ìdí rẹ̀ kò sì ju ọ̀rọ̀ iṣẹ́ lọ: inú táǹkì kún fún epo, gíríìsì àti èéfín, aṣọ dúdú sì ń bo àbàwọ́n mọ́lẹ̀. Wọ́n gé e kúrú dé ìbàdí, wọ́n fi apá kan rẹ̀ gba orí èkejì kọjá, wọ́n sì fi bọ́tìnnì pamọ́ sábẹ́ aṣọ, kí ohunkóhun má bàa fi há nígbà tí sọ́jà bá ń gba ẹnu ihò táǹkì wọlé tàbí jáde. Ní ti agbárí, ó ti wà lára àwọn ọmọ ogun ẹlẹ́ṣin kan ní Prussia àti Brunswick, ìjọba méjì nílẹ̀ Jámánì àtijọ́, fún ọ̀pọ̀ ọdún kí ẹnikẹ́ni tó gbọ́ orúkọ Hitler. Àwọn awa-táǹkì gbà pé àwọn ni àrólé àwọn ẹlẹ́ṣin wọ̀nyẹn, ni wọ́n bá gbé agbárí sí ọrùn aṣọ wọn. SS náà wá gbé agbárí, ó sì wọ dúdú ní tirẹ̀, òun ni ayé sì rántí nítorí ìwà ìkà rẹ̀. Bí ènìyàn bá rí dúdú pẹ̀lú agbárí lónìí, ibẹ̀ ni ọkàn rẹ̀ ń sáré lọ.

Bí a ṣe ń yà wọ́n sọ́tọ̀ kò nira bí ènìyàn bá mọ ibi tó yẹ kí ojú rẹ̀ lọ. Ẹ mú awò tí ń sọ nǹkan di ńlá, kí ẹ fi agbárí náà sílẹ̀ ná, kí ẹ wá ẹyẹ idì. Àwọn ọmọ ogun orí ilẹ̀ máa ń gbé idì tó di àmì Nazi mú sí àyà wọn lápá ọ̀tún. Àwọn SS tí ń jagun ń gbé tiwọn sí apá òsì aṣọ, lókè ìgúnpá. Nínú fọ́tò yín, idì wà ní àyà ọ̀tún bàbá náà, ó hàn kedere. Ẹ tún wo apá òsì aṣọ rẹ̀: ìlà méjì tó tẹ̀ bí igun wà níbẹ̀, tí í ṣe àmì ipò Obergefreiter, sọ́jà kékeré tó ti pẹ́ díẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́, ṣùgbọ́n òkè ìlà náà ṣófo, kò sí idì níbẹ̀. Ká ní SS ni, ibẹ̀ gan-an ni idì ì bá wà. Ẹ wá padà sí ọrùn aṣọ. Agbárí kan náà ló wà lọ́tùn-ún àti lósì, bí ó ti máa ń rí lára awa-táǹkì ọmọ ogun orí ilẹ̀. Àwọn SS náà ní táǹkì, wọ́n sì ń wọ jákẹ́ẹ̀tì dúdú tó jọ èyí, ṣùgbọ́n lọ́rùn tiwọn, lẹ́tà S méjì tó rí bíi mànàmáná ló sábà máa ń wà lọ́tùn-ún, àmì ipò a sì wà lósì. Fìlà rẹ̀ ni kí ẹ wò gbẹ̀yìn. Lórí fìlà SS, agbárí ló wà nísàlẹ̀ idì. Lórí ti bàbá yìí, róbótó kékeré aláwọ̀ mẹ́ta tí í ṣe àmì orílẹ̀-èdè ló wà níbẹ̀, ìlà tó rí bíi lẹ́tà V tí a dojú rẹ̀ dé sì bò ó lórí. Àmì mẹ́rin fohùn ṣọ̀kan, kò sí ọ̀kan tó tako èkejì. Aṣọ dúdú tí àwọn SS wọ̀ láyé àlàáfíà ní tirẹ̀ gùn, ó ní àpò mẹ́rin, wọ́n sì ń so ọ̀já pupa mọ́ apá. Kò bá èyí mu rárá.

Kí ẹ tó gba ọ̀rọ̀ ọ̀tún àti òsì tí mo sọ yìí, ẹ yẹ nǹkan kan wò. Ẹni tó ń fọ fọ́tò lè dojú fíìmù délẹ̀, kí ọ̀tún di òsì, mo sì ti rí ibi tí irú èyí ti mú kí àwọn ènìyàn fi odidi ọ̀sẹ̀ jiyàn lórí ọmọ ogun orí ilẹ̀ tó dà bí ẹni tó gbé idì sí ibi tí kò yẹ. Bọ́tìnnì ló máa ń tú àṣírí. Aṣọ ọkùnrin ilẹ̀ Yúróòpù máa ń dé láti òsì ẹni tó wọ̀ ọ́ gba orí ọ̀tún. Bí ó bá dé ní ìdàkejì, wọ́n ti yí fọ́tò padà nìyẹn. Ìkọ̀wé orí irin bẹ́líìtì náà wúlò bí ó bá ṣeé kà. "Gott mit uns" ni ti àwọn ọmọ ogun orí ilẹ̀, ìyẹn ni pé Ọlọ́run wà pẹ̀lú wa. Ti SS ní ọ̀rọ̀ mìíràn nípa ìṣòótọ́. Ìlà ipò tí mo mẹ́nu bà lẹ́ẹ̀kan kì í sí ní apá ọ̀tún, nítorí náà ẹ̀rí ni òun fúnra rẹ̀. Fọ́tò tiyín dúró dáadáa, wọn kò yí i.

Ẹ jẹ́ ká wá sí fọ́tò kejì. Ọkọ yín kọ ọ́ sínú lẹ́tà pé ìgbátí èjìká àwọn ọkùnrin mẹ́fà náà funfun, ó sì kà nínú ìwé pé funfun ni àwọ̀ àwọn ọmọ ogun ẹlẹ́sẹ̀, nítorí náà bàbá náà ti gbọ́dọ̀ jẹ́ ọmọ ogun ẹlẹ́sẹ̀ rí kí ó tó wọ táǹkì. Òótọ́ ni pé àwọn ọmọ ogun Jámánì fi àwọ̀ ya iṣẹ́ sọ́tọ̀: funfun fún ẹlẹ́sẹ̀, pupa fún àwọn oníbọn ńlá, pupa rẹ́súrẹ́sú fún táǹkì, yẹ́lò bíi wúrà fún ẹlẹ́ṣin, dúdú fún àwọn tí ń kọ́ afárá tí wọ́n sì ń ri àdó olóró mọ́lẹ̀, yẹ́lò bí ọsàn wẹ́wẹ́ fún àwọn oníwáyà, búlúù fún àwọn oníṣègùn. Ṣùgbọ́n fọ́tò aláìláwọ̀ ni ẹ ń wò, irú fíìmù tó wà nínú ẹ̀rọ ló sì ń pinnu bí àwọ̀ kọ̀ọ̀kan yóò ṣe hàn. Púpọ̀ nínú fíìmù tí àwọn ènìyàn ń lò láyé ìgbà náà kì í rí pupa dáadáa. Lórí irú fíìmù bẹ́ẹ̀ pupa a di dúdú, búlúù a sì mọ́lẹ̀ ju bí ojú ṣe rí i lọ. Fíìmù tó rí gbogbo àwọ̀ náà wà lọ́jà, ilé iṣẹ́ Agfa sì ń ṣe irú méjèèjì, ẹ̀yin tí ẹ di fọ́tò mú kò sì lè mọ èyí tó wà nínú ẹ̀rọ lọ́jọ́ náà. Lórí ẹ̀dà kékeré tí kò ju 6 × 9 sẹ̀ǹtímítà lọ, pupa rẹ́súrẹ́sú lè rí bíi funfun, yẹ́lò lè rí bí èyíkéyìí. Èmi kì í fi àwọ̀ èjìká nìkan pe ẹnikẹ́ni ní ohunkóhun, àfi bí nọ́ńbà tàbí ìkọ̀wé bá gbè é lẹ́yìn.

Ohun tó wúlò nínú fọ́tò kejì ni ọ̀já kékeré tó wà nínú ihò bọ́tìnnì kejì ọkùnrin tó dúró ní ìkángun. Ibẹ̀ ni wọ́n máa ń fi ọ̀já àmì ẹ̀yẹ Iron Cross onípò kejì sí, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn bá sì ti rí ọ̀já níbẹ̀ Iron Cross ni wọ́n ń pè é lójú ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀já àmì ẹ̀yẹ mìíràn ń gbé ibẹ̀ pẹ̀lú, èyí tí wọ́n fún àwọn tó la òtútù ọdún 1941 sí 1942 já ní Rọ́ṣíà. Bí a ṣe ń mọ̀ wọ́n yàtọ̀ ni pé ọ̀já Iron Cross ọdún 1939 ní pupa tó fẹ̀ láàárín, funfun lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, dúdú ní etí. Ti òtútù Rọ́ṣíà jẹ́ pupa láti etí dé etí, ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ funfun àti dúdú ló sì la àárín rẹ̀ kọjá. Nínú fọ́tò yín, ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ ló wà láàárín. Ọjọ́ 26 oṣù karùn-ún ọdún 1942 ni wọ́n dá àmì ẹ̀yẹ yìí sílẹ̀, nítorí náà a kò lè ya fọ́tò náà ṣáájú ọjọ́ yẹn, bí ẹnikẹ́ni bá tilẹ̀ kọ 1940 sí ẹ̀yìn rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì ni méjì nínú wọn dé fìlà tó ní abẹ́ gígùn bí ìbòjú níwájú àti bọ́tìnnì méjì níwájú, irú èyí tó di ti gbogbo ọmọ ogun ní 1943. Ọdún 1943 tàbí lẹ́yìn rẹ̀ ni mo fi fọ́tò náà sí. Bóyá bàbá àgbà wà nínú àwọn mẹ́fà náà, mi ò lè sọ. Ìrísí ojú ń tan ènìyàn jẹ ju aṣọ lọ, pàápàá nígbà tí ẹni tó ń wò ó bá ń retí láti rí ẹni tirẹ̀.

Ní ti ìkọ̀wé, ẹ má wá ìlú O.U. mọ́, kò sí i. Ìgékúrú fún Ortsunterkunft ni, tó túmọ̀ sí ibi tí a wọ̀ sí. Wọn kò gba sọ́jà láyè láti kọ orúkọ ibi tó wà sínú lẹ́tà tàbí sẹ́yìn fọ́tò, kí ọ̀tá má bàa mọ ibi tí ẹgbẹ́ rẹ̀ wà, ni wọ́n bá ń kọ O.U. dípò orúkọ ìlú. "3.5.42" jẹ́ ọjọ́ kẹta oṣù karùn-ún ọdún 1942, ọjọ́ ló ń ṣáájú oṣù lọ́dọ̀ wọn, kí ẹ má lọ kà á bí àwọn ará Amẹ́ríkà ṣe ń kà á. "5./Pz.Rgt. 15" ni kọ́ńpìnnì karùn-ún nínú rẹ́jímẹ́ńtì táǹkì kẹẹ̀ẹ́dógún. Ẹ kíyè sí irú nọ́ńbà tó wà níwájú, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ń ṣìnà sí: bí ó bá jẹ́ nọ́ńbà lásán, kọ́ńpìnnì ni, bí ó bá jẹ́ nọ́ńbà àwọn ará Róòmù, bíi II., bàtálíọ́ọ̀nù odidi ni. Ìdí tí ọkọ yín kò fi lè ka ìyókù ni pé ọwọ́ ìkọ̀wé àtijọ́ ni, Sütterlin tí wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé láti ọdún 1915 lọ, kí ìjọba tó fòpin sí i ní 1941. Nínú rẹ̀, e dà bí n, h ní ìkọ́ lókè àti nísàlẹ̀, wọ́n sì máa ń fi ìlà kékeré tó tẹ̀ sórí u kí ó má bàa jọ n. Bí mo ṣe kà á nìyí: "Zur Erinnerung an Deinen Kameraden", fún ìrántí ọ̀rẹ́ rẹ tí ẹ jọ jẹ́ sọ́jà, orúkọ kan tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú H sì tẹ̀ lé e. Ẹ dúró níbẹ̀ díẹ̀. Ènìyàn kì í kọ irú ọ̀rọ̀ yìí sí ẹ̀yìn fọ́tò ara rẹ̀ kí ó tún fi pamọ́ sínú páálí ara rẹ̀. Ẹni tó wà nínú fọ́tò ló sábà máa ń kọ ọ́ fún ẹni tó fẹ́ fún. Bí orúkọ bàbá àgbà kò bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú H, ó ṣeé ṣe kí ẹni tó wọ dúdú má tilẹ̀ jẹ́ òun, kí ó jẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan. Ẹ wá fọ́tò mìíràn tó dájú pé tirẹ̀ ni, irú ti ọjọ́ ìgbéyàwó, kí ẹ fi etí àti ìlà irun wé ara wọn. Etí kì í yí padà púpọ̀ láàárín ọdún díẹ̀.

Rẹ́jímẹ́ńtì kẹẹ̀ẹ́dógún náà jẹ́ ohun tí a mọ ìtàn rẹ̀. Ní 1940 ó wà lábẹ́ dífíṣọ̀n (ẹgbẹ́ ogun ńlá tó kó rẹ́jímẹ́ńtì mélòó kan pọ̀) táǹkì karùn-ún, tó gba Faransé kọjá dé Rouen àti Brest ní oṣù kẹfà. Lẹ́yìn ìyẹn wọ́n gbé e fún dífíṣọ̀n táǹkì kọkànlá, tó wọ Yugoslavia ní oṣù kẹrin 1941, lẹ́yìn náà Ukraine àti Rọ́ṣíà, tí ó sì wà lẹ́bàá odò Chir nítòsí Stalingrad ní ìparí 1942. Ní ọjọ́ tí wọ́n kọ sẹ́yìn fọ́tò àkọ́kọ́, ìlà oòrùn ni dífíṣọ̀n náà wà.

Mo ń lọ́ra lórí ọ̀rọ̀ ìkọ̀wé nítorí pé òun ni àwọn ènìyàn ń tètè gbà gbọ́ jù, bẹ́ẹ̀ òun ló rọrùn jù láti ṣì. Àpẹẹrẹ tó tóbi jù wáyé ní Jámánì níbẹ̀. Ní 1995, ilé ìwádìí kan ní Hamburg, Hamburger Institut für Sozialforschung, bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ìpàtẹ fọ́tò kan kiri ìlú dé ìlú, láti fi hàn pé kì í ṣe SS nìkan ló hùwà ìkà nínú ogun náà, pé àwọn ọmọ ogun orí ilẹ̀ náà lọ́wọ́ nínú pípa àwọn Júù àti àwọn ará ìlú. Ariwo ta. Ní 1999, Bogdan Musial láti Poland àti Krisztián Ungváry láti Hungary fi hàn pé ìkọ̀wé abẹ́ àwọn fọ́tò kan kò tọ́: nínú àwọn kan, ọmọ ogun Hungary tàbí ti Finland ni aṣọ tí ó hàn ń tọ́ka sí, kì í ṣe ti Jámánì, nínú àwọn mìíràn, òkú tó wà nílẹ̀ jẹ́ ti àwọn tí ọlọ́pàá inú ìjọba Soviet pa sínú ọgbà ẹ̀wọ̀n kí àwọn ará Jámánì tó wọ ìlú. Wọ́n dá ìpàtẹ náà dúró, wọ́n sì pe ìgbìmọ̀ àwọn òpìtàn láti yẹ gbogbo rẹ̀ wò. Nínú fọ́tò tó lé ní 1,400, èyí tí kò tó 20 ni ìgbìmọ̀ náà rí pé kò yẹ kó wà níbẹ̀, wọ́n sì fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ọ̀rọ̀ tí ìpàtẹ náà ń sọ jẹ́ òótọ́. Òmíràn tí wọ́n tún tò jáde ní 2001. Apá méjèèjì ìtàn yìí ló kàn yín. Ìkọ̀wé lè purọ́ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fẹ́ purọ́. Bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ má sọ fún àwọn ọmọ pé bàbá àgbà wọn mọ́ lọ́wọ́ nítorí pé ọmọ ogun orí ilẹ̀ ni, kì í ṣe SS. Àmì ọrùn aṣọ ń sọ ibi tí wọ́n ti ń san owó oṣù rẹ̀ ni. Kò sọ ohun tó fi ọwọ́ rẹ̀ ṣe.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti àwọn fọ́tò tí ìjọba ìgbà náà fúnra rẹ̀ yà. Àwọn ayàwòrán wọn wọ aṣọ sọ́jà, wọ́n sì ń kọ ohun tí ìjọba fẹ́ kí ayé gbọ́ sí abẹ́ fọ́tò. Nígbà tí Bundesarchiv, ilé tí ń pa àkọsílẹ̀ ìjọba Jámánì mọ́, gbé nǹkan bí 80,000 fọ́tò fún Wikimedia Commons, àkójọ àwòrán ọ̀fẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì, ní ìparí 2008, ó kìlọ̀ pé ìkọ̀wé ìpilẹ̀ṣẹ̀ lè kún fún àṣìṣe tàbí fún ojúsàájú. Àwọn tí ń ta fọ́tò nílé ọjà orí íntánẹ́ẹ̀tì ni kí ẹ ṣọ́ jù, nítorí orúkọ tó bá ń pa owó ni wọ́n ń kọ. Ẹ̀yin ará Atakpamé ní Togo tó ń ka èyí yóò ti rí fọ́tò ọdún 1914 láti Kamina nítòsí yín tí wọ́n kọ "Schutztruppe, Togo" sí, ìyẹn ẹgbẹ́ ọmọ ogun tí Jámánì fi ń ṣọ́ àwọn ilẹ̀ tó ń ṣàkóso ní Áfíríkà. Jámánì kò ní Schutztruppe ní Togo. Kamẹrúùnù, Namibia òde òní àti Tanzania òde òní ni wọ́n ní in. Ọlọ́pàá ni wọ́n fi ń ṣàkóso Togo, àwọn ọlọ́pàá náà ló sì wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n fọ́ ilé rédíò Kamina ní oṣù kẹjọ ọdún yẹn kí wọ́n tó túúbá.

Mo mọ̀ pé fọ́tò kẹta ni ẹ ń retí. Àwọn ọkùnrin tó jókòó nínú pápá yẹn jẹ́ ọmọ ogun ilẹ̀ Faransé láti Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, àwọn tí Faransé ń pè ní tirailleurs sénégalais. Orúkọ yẹn kò sọ pé ọmọ Senegal ni gbogbo wọn. Láti Guinea, Côte d'Ivoire, Mali òde òní, Burkina Faso òde òní àti Dahomey, tí í ṣe orílẹ̀-èdè Benin lónìí, ni wọ́n ti kó wọn, nítorí náà ó ṣeé ṣe kí ọmọ Kétu, Sábẹ̀ẹ́ tàbí Sákétẹ́ kan wà láàárín irú wọn, ẹni tó ń sọ èdè tí èmi àti ẹ̀yin ń sọ yìí. Bí mo ṣe mọ̀ wọ́n kì í ṣe nípa àwọ̀ ara wọn nìkan. Ọkùnrin kejì láti òsì ṣì ní akoto irin Faransé lórí, èyí tó ní irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó yọ sókè bí ogbe àkùkọ láti iwájú dé ẹ̀yìn, àmì ìdákọ̀ró ọkọ̀ ojú omi sì hàn níwájú rẹ̀ bí a bá sọ ọ́ di ńlá. Ìdákọ̀ró ni àmì àwọn ọmọ ogun ilẹ̀ tí Faransé ń ṣàkóso. Ti àwọn ará Àríwá Áfíríkà jẹ́ òṣùpá ìlàjì. Ọ̀kan lára wọn tún ní nọ́ńbà lọ́rùn kóòtù rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀dà tí ẹ fi ránṣẹ́ kò mọ́ tó fún mi láti kà á. Nọ́ńbà yẹn ni kọ́kọ́rọ́ fọ́tò náà, nítorí pé rẹ́jímẹ́ńtì kọ̀ọ̀kan ni a mọ ibi tó ti jà ní oṣù kẹfà 1940.

Ìdí tí ó fi ṣe pàtàkì kì í ṣe ohun ìdùnnú. Ní oṣù karùn-ún àti oṣù kẹfà 1940, àwọn ọmọ ogun Jámánì pa ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọkùnrin wọ̀nyí lẹ́yìn tí wọ́n ti túúbá, nítorí àwọ̀ ara wọn; àwọn òpìtàn gbà pé wọ́n lé ní 1,000. Ní Chasselay lẹ́bàá ìlú Lyon, ọmọ ogun orí ilẹ̀ lásán ló wà nínú àwọn táǹkì tí wọ́n fi pa wọ́n. Àwọn tó yè, inú Faransé níbẹ̀ ni wọ́n há púpọ̀ nínú wọn mọ́, ní àwọn àgọ́ tí wọ́n ń pè ní Frontstalag, nítorí pé ìjọba Hitler kò fẹ́ wọn nílẹ̀ Jámánì. Fọ́tò tiyín kò fi ohun tó jọ ìpànìyàn hàn. Ó fi ìgbèkùn hàn àti àwọn tí ń fi wọ́n ṣe ẹ̀rín, irú fọ́tò bẹ́ẹ̀ sì pọ̀ gan-an nínú páálí àwọn sọ́jà Jámánì tó ja ogun Faransé. Ẹ rántí pẹ̀lú pé àwọn sọ́jà ń fọ ẹ̀dà fún ara wọn, wọ́n sì ń ṣe pàṣípààrọ̀ wọn. Wíwà tí fọ́tò wà nínú páálí bàbá àgbà kò túmọ̀ sí pé òun ló yà á, tàbí pé ó wà níbẹ̀. Ó túmọ̀ sí pé ó pa á mọ́.

Ohun tí ẹ lè ṣe nísinsìnyí nìyí. Ẹ ya iwájú àti ẹ̀yìn fọ́tò kọ̀ọ̀kan sínú kọ̀ǹpútà ní ìwọ̀n tó ga, kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun mìíràn, ẹ má sì fi bíró kọ nǹkan sí wọn. Bí a bá lẹ fọ́tò mọ́ ìwé, ẹ má fi agbára já a. Àwọn tí ń tún ìwé àtijọ́ ṣe mọ bí wọ́n ṣe ń tú u. Ẹ tú páálí náà wò dáadáa bóyá ìwé kékeré tó ń jẹ́ Wehrpass wà níbẹ̀, nítorí gbogbo ẹgbẹ́ tí sọ́jà kan wà ni wọ́n ń kọ sínú rẹ̀, àti ọjọ́ tó wọ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí kò bá sí, kí ọkọ yín kọ̀wé sí ẹ̀ka Bundesarchiv tó wà ní Berlin tí ó jogún iṣẹ́ WASt, ọ́fíìsì tó ń pa àkọsílẹ̀ àwọn sọ́jà ìgbà ogun mọ́, ní 2019, kí ó fi orúkọ bàbá náà, ọjọ́ tí wọ́n bí i, ibi tí wọ́n bí i àti ẹ̀rí pé ọmọ ọmọ rẹ̀ ni òun sínú lẹ́tà náà. Ẹ̀ka Bundesarchiv mìíràn ní Berlin ló ní ìwé orúkọ ẹgbẹ́ òṣèlú Nazi àti ti SS, kí ẹ béèrè ibẹ̀ pẹ̀lú, torí pé ohun tí mo sọ nípa aṣọ kan ní 1942 kò lè sọ fún yín bóyá ó wọ ẹgbẹ́ mìíràn ṣáájú tàbí lẹ́yìn. Ẹ ó dúró fún ọ̀pọ̀ oṣù, nígbà mìíràn ó ń ju ọdún kan lọ, wọ́n sì lè dáhùn pé àwọn kò rí nǹkan, nítorí pé iná tó jó ní Potsdam ní oṣù kẹrin 1945 run púpọ̀ nínú àkọsílẹ̀ àwọn ọmọ ogun. Ẹ má gbé fọ́tò tó ní àmì Nazi sí Facebook láti fi béèrè lọ́wọ́ àwọn àlejò. Òfin Jámánì fàyè gba irú rẹ̀ fún ẹ̀kọ́ àti ìwádìí, ṣùgbọ́n wọ́n lè má kà á sí bẹ́ẹ̀.

Ní ti àwọn ọmọ, ohun tí mo máa sọ bí tèmi ni wọ́n nìyí: ẹ̀rí tó wà lọ́wọ́ fi hàn pé bàbá àgbà tàbí ọ̀rẹ́ rẹ̀ wa táǹkì fún Hitler ní Rọ́ṣíà, pé ó pa fọ́tò àwọn ọkùnrin aláwọ̀ dúdú tí wọ́n kó ní ìgbèkùn mọ́, pé a kò tíì mọ ohun tó ṣe, a sì ti kọ̀wé láti béèrè. Bí ìwé Berlin bá dé, ọjọ́ tó wọ rẹ́jímẹ́ńtì kẹẹ̀ẹ́dógún ni kí ẹ kọ́kọ́ wá. Bí ó bá ti wà níbẹ̀ kí oṣù karùn-ún 1940 tó pé, a jẹ́ pé ó gba Faransé kọjá, kí ẹ sì fi ẹ̀dà fọ́tò kẹta tó mọ́ ju èyí lọ ránṣẹ́ sí mi, kí a lè ka nọ́ńbà ọrùn kóòtù yẹn, kí a sì fi ibi tí rẹ́jímẹ́ńtì àwọn ọkùnrin náà ti jà wé ọ̀nà tí dífíṣọ̀n táǹkì karùn-ún gbà.